Ìyá Ta Ni Ẹ Kọ Síbí Yìí?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìyá tó ti lọ sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi kọ́ ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀léra wọn nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù. Ẹ̀yin mẹ́ta yòókù, ẹ má bínú sí mi.

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá wa jáde láyé lọ́dún tó kọjá, àdúrà ọdún kan wọn sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èlùbọ́ ni wọ́n tà ní ọjà Bódìjà títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Bọ̀dá wa tó wà ní Kánádà ní kí a tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí a óò pín fún àwọn tó bá wá, wọ́n sì ti kọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: “Ìyá ni wúrà iyebíye tí a kò lè fowó rà. Màmá wa jẹ́ ọlọ́yàyà, onínúure, ẹlẹ́yinjú àánú àti abiyamọ tòótọ́. Ọdún 85 ni wọ́n lò láyé, ayé wọn sì dùn bí oyin.”

Mo kà á tán, omi ò bọ́ lójú mi. Èmi tí mo máa ń sunkún bí mo bá rí kóńgò lásán! Ó dà bíi pé ìyá ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ. Èkejì, n ò gbà pé ìyá wa pé ọdún 85, torí wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀. Ẹ̀kẹta, ìyá wa kì í ṣe ọlọ́yàyà. Wọ́n lè jà! Gbogbo ìsọ̀ èlùbọ́ ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ṣé a lè kọ ìyẹn? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún bọ̀dá mi tí kò fi ní dà bíi pé mò ń rí wọn fín?

— *Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́, Yemẹtù*

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù, gbogbo yín. Kí n tó kan bọ̀dá rẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Nígbà tí ìyá tèmi kú ní 1994, èmi ni mo kọ ìwé tiwọn. Olùkọ́ Yorùbá ni mí, àwọn ẹbí ní ta ló tún kù. Mo jókòó, mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó wà nílẹ̀ dà sínú rẹ̀: abiyamọ tòótọ́, òpó tí kì í yẹ̀, orísun ayọ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi pé mo gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, tí àwọn méjèèjì jọ ń rẹ aró látìgbà èwe wọn, kò mọ̀wé, ó ní kí ọmọ òun ka ìwé náà sí òun létí. Ó fetí sílẹ̀ títí ọmọ fi kà á tán. Ó ní, “Ó dáa. Ìyá ta ni?”

Ìbéèrè yẹn kò tíì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ohun tó ṣe ọ́ náà nìyẹn tí omi ò fi bọ́. Yọ orúkọ ìyá rẹ kúrò nínú ohun tí bọ̀dá rẹ kọ, fi orúkọ ìyá tèmi sí i, kò ní í ṣe ìwé náà ní nǹkan kan. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni: bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá mi kọ́ ni “orísun ayọ̀”. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe, nínú àgbàlá wa tí kò jìnnà sí Òkè Màpó. Wọ́n á se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí á fi ki, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ máa fi ya ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í wọ ibẹ̀. Ìyẹ́ yẹn, kì í ṣe ti adìẹ kádìẹ. Àkùkọ ni wọ́n ń fẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kó sì gùn. Bí wọ́n bá ti rí irú àkùkọ bẹ́ẹ̀ lójúlé ẹnì kan, wọ́n ti di ọ̀rẹ́ onítọ̀hún lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Wọ́n á máa kí i láàárọ̀, wọ́n á máa kí i lálẹ́, wọ́n á máa bi í pé ìgbà wo ni ọdún máa dé.

Ọnà tí ọwọ́ wọn mọ́ jù ni Ìbàdàndùn. Ẹni tó bá ti rí i rí yóò mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára rẹ̀, àti pé ṣíbí ni wọ́n ń tò sáàárín àwọn òpó náà. Láti ẹnu ọ̀nà wa, bí èèyàn bá gbójú sókè, á rí òpó Màpó fúnra rẹ̀, n ò sì rí ṣíbí kankan níbẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan, mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ, pé kí ni ṣíbí ń wá láàárín òpó ìjọba. Wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí aṣọ. Wọ́n ní, “Àwọn tó ń ṣèpàdé níbẹ̀, wọn kì í jẹun ni?”

Àti èékánná wọn. Bí a bá fẹ́ lọ òde, wọ́n á fi ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí, ó kàn máa ń dà bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀ ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ní 1977, kò sí fọ́tò kan tí ọwọ́ wọn hàn nínú rẹ̀. Abẹ́ ìborùn ni wọ́n kó méjèèjì sí, àní títí kan ìgbà tí wọ́n ń jókòó ti ìyá ọkọ mi. Ìyẹn rò pé ọwọ́ ń dùn wọ́n, ó sì fi òróró ìpara ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ kejì.

Kò sí ẹyọ kan nínú gbogbo èyí nínú ìwé tí mo kọ. Ọmọ ọmọ wọn tó bá kà á lónìí kò ní í mọ̀ pé aláró ni wọ́n. Mo ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ṣì, inú àpótí ni mo sé e mọ́.

Nítorí náà, ṣáájú Mọ́kọ́lá, Bódìjà ni kí o kọ́kọ́ lọ. Jókòó ti àwọn tí ìsọ̀ wọn kángun sí ti ìyá rẹ. Má bi wọ́n pé “irú èèyàn wo ni ìyá mi?” Bí o bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, “èèyàn dáadáa ni” ni wọ́n máa sọ. Kí lo fẹ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ olóògbé? Bi wọ́n pé báwo ni ìyá mi ṣe ń wọn kóńgò. Ṣé wọ́n máa ń gbọ̀n ọ́n kó jìn, àbí wọ́n kàn ń rọ́ ọ kó ga bí òkè? Ènì ńkọ́, ìkúnwọ́ kan ni àbí méjì, ta ni wọn kì í sì í fún ní ènì rárá? Ta ni wọn kì í tà láwìn fún? Nígbà tí ọkọ̀ bá gbé gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́, dé láti ọ̀nà Ṣakí, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kí wọ́n tó tú àpò? Mo mọ ẹlẹ́lùbọ́ kan tó jẹ́ pé etí ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á ṣẹ́ gbodo sí méjì lẹ́bàá etí, á gbọ́ bó ṣe ké. Bí kò bá ké dáadáa, á ju méjèèjì sílẹ̀, á kọjá sí ẹlòmíì. Ó dájú pé ìyá rẹ ní tiwọn.

Lọ bá alábàárù tó ń ru ẹrù wọn pẹ̀lú. Ohun tí alábàárù mọ̀ nípa ìyá ọlọ́jà, ọmọ bíbí inú rẹ̀ lè máà mọ̀ ọ́n. Mú bírò dání, kọ ọ̀rọ̀ wọn bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, má bá wọn tún un ṣe. Bó bá ní “ìyá yìí le bí ojú ẹja, ṣùgbọ́n kò jẹ mí lówó rí”, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. O ò lè kọ èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò lè kọ ọ́.

Ó wá kan ìjà. Kọ ọ́, ṣùgbọ́n kọ ìdí ìjà náà pẹ̀lú. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan wà lọ́jà tó máa ń lu ìdí kóńgò wọnú kí èlùbọ́ tó máa gbà lè dín kù. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn ni ìyá rẹ ń torí rẹ̀ jà, ìjà yẹn gan-an ni inúure tí bọ̀dá rẹ ń wá kiri, ó kàn jẹ́ pé ó ń pariwo ni. Èyí tó bá jẹ́ ti orogún, ti ilẹ̀, tàbí ti ẹni tó jẹ wọ́n lówó tó sì ṣì wà láyé, fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ní gbangba ọjà ni kó wọ ìwé. Èyí tí wọ́n sọ fún yín nídìí ààrò, ìdí ààrò náà ni kó wà.

Ti ọjọ́ orí, ìwọ lo jàre. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní kó wá, ṣùgbọ́n ìyá ta ló ní ìwé ìbí nígbà náà? Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá, kó fi kan etí tó wà lódìkejì. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, kó padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ tó ní apá gígùn máa ń yege ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ náà sì máa ń rá wọlé. A jẹ́ pé ìyá rẹ ò lè jìnnà sí 1947, 1948 tàbí 1949, wọn ò tíì pé ọgọ́rin ọdún nìyẹn. Bí o bá fẹ́ kó tún dá ọ lójú sí i, wá ẹgbẹ́ wọn kan tó ṣì wà. Bi í pé báwo ni òun àti ìyá rẹ ṣe tó nígbà tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn ní 1956, tàbí nígbà tí Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn, bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ ní 1958. Ará Ìbàdàn lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò ní í gbàgbé ibi tó wà nígbà tí ìròyìn Adélabú dé. Bó bá ní “a ti ń pọn omi fúnra wa nígbà yẹn”, o ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá nìyẹn. Kọ “nǹkan bí ọdún 1948” síbẹ̀, ó tó. Ọdún 85 tí bọ̀dá rẹ kọ yẹn, mo fura pé torí kí wọ́n lè pè é ní òkú àgbà ni.

Fọ́tò ńkọ́? O ò bi mí, ṣùgbọ́n n óò sọ. Èyí tí wọ́n jókòó gọ̀ǹgọ̀ sí pẹ̀lú gèlè ni bọ̀dá rẹ máa fẹ́. Jẹ́ kó wà níwájú ìwé. Wá èyí tí èlùbọ́ ti kùn wọ́n lójú kí o fi í sí ẹ̀yìn.

Bọ̀dá rẹ ló kù. Má kọ̀wé sí i pé ohun tó kọ kò dáa. Ó wà lájò, òtútù ń mú un, kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ náà ló rí mú. Pè é ní fóònù nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí o bi í ní ìbéèrè kan péré: “Bọ̀dá, kí ni Màmá dì fún yín lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń lọ?” Kí o wá dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́. Mo fẹ́ẹ́ lè búra pé èlùbọ́ wà nínú ẹrù yẹn, pé ìyá yín ní bí àwọn ṣe wé e kí àwọn aṣọ́bodè má bàa dà á nù, wọ́n sì ti bá bọ̀dá yín jà lórí rẹ̀ kó tó gbà á. Ohun tó bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀, kà á padà fún un, kí o sì sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìwé ti máa bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí o yọ wúrà àti oyin kúrò.

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn ìyá mi tó wà lórí WhatsApp mi lé ní ogójì. Wọn ò mọ̀ọ́kọ, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù ránṣẹ́ sí mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, mo máa ń gbọ́ ọ lálẹ́. Ìyàwó mi ní kò dáa kéèyàn máa gbọ́ ohùn òkú, pé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kí ni kí n ṣe?

— *Àkàndé, Mọ́níyà*

Ìdáhùn

Má pa ẹyọ kan rẹ́. Hárúnà Ìṣọ̀lá olórin àpàlà ti kú láti 1983, ohùn rẹ̀ ń dún ní Mọ́níyà níbẹ̀ lónìí, n ò sì tíì gbọ́ pé ìyàwó ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n pa rédíò torí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ò jẹ̀bi tán o. Ó lè máà jẹ́ ohùn ìyá rẹ ló ń bà á lẹ́rù, kó jẹ́ ìwọ tó o jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú fóònù létí. Máa gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Wá ọ̀kan tí ìyá rẹ ti ń bèèrè ìyàwó rẹ nínú rẹ̀, kí o pe ìyàwó rẹ kó wá gbọ́.

Ẹ̀rù tó yẹ kó máa bà ọ́ ni ti fóònù. Ọjọ́ tó bá bọ́ sínú omi, tàbí tí wọ́n bá yọ ọ́ lápò rẹ ní Ìwó Róòdù, ìyá rẹ tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ní kí ọmọ kan bá ọ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, kó sì tún kó wọn sí fóònù àbúrò rẹ. Má fi nọ́ńbà gbọọrọ tí fóònù fún wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ ọjọ́ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i: “Màmá ń bèèrè owó gáàsì.” “Màmá ń bú mi pé mi ò wálé lọ́dún Iléyá.” Èyí tí wọ́n ti ń bú ọ yẹn, ìyẹn ni kí o tọ́jú jù.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìyá wa fi aṣọ òkè mẹ́ta sílẹ̀, sányán méjì àti àlàárì kan. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni wá. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a gé wọn kó lè kárí, àbúrò wa ní kí a tà wọ́n ká pín owó.

— *Èyí Àárín*

Ìdáhùn

Ẹ má gé sányán! Lára òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń ran òwú rẹ̀ látijọ́, ẹni tó ń ran án ò sì pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ọjà Òjé pé ẹ fẹ́ tà á, wọ́n á rà á lọ́wọ́ yín kíá, ìyẹn nìkan yẹ kó kọ́ yín lọ́gbọ́n. Kó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan, kí ẹni tó bá lóde lára yín máa wá gbà á. Ẹ sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi káńfọ̀ sí i lára tààrà. Àpótí ẹni tí ilé rẹ̀ kì í jò ni kó wà.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́. Èmi náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìyá mi ti kú tipẹ́, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ mi mọ oríkì wọn. Mo lọ bi àwọn ọkùnrin agboolé bàbá wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ju ìlà méjì lọ. Níbo ni mo tún fẹ́ wá a lọ?

— *Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ̀*

Ìdáhùn

Ẹ̀yin náà ẹ kú àtijọ́. Àwọn ọkùnrin lẹ lọ bi, ibẹ̀ lẹ ti ṣì í. Àwọn ìyàwó ilé ló ni oríkì. Àwọn ló ń fi kí ọkọ àti ọmọ ọkọ láàárọ̀, àwọn ló ń kì í níbi ìyàwó àti níbi òkú. Ọmọkùnrin ilé tí wọ́n ń kì, orí rẹ̀ á kàn máa wú ni, kò ní í rántí nǹkan tí wọ́n sọ.

Ẹ wá èyí tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wá sílé bàbá ìyá yín. Ẹ má sọ pé “ẹ kì mí”, á ní òun ò mọ nǹkan kan. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ sọ ọmọ tí ẹ jẹ́ fún un, kí ẹ dúró lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú ibi tí àwọn baba ńlá ilé náà ti wá kí wọ́n tó tẹ̀dó. Ìlú ogun ni Ìbàdàn, ará ìlú oríṣiríṣi ló kóra jọ síbẹ̀, ibi tí ilé kan ti ṣẹ̀ wá ni orílẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní Ìkòyí ni, àwọn jagunjagun ni ẹ bá tan, oríkì Oníkòyí kò sì ṣòro láti rí.

Èyí tó ṣòro ni oríkì àbísọ wọn. Àbẹ̀kẹ́ ni, àbí Àjọkẹ́, àbí Àṣàkẹ́? Ẹni tó bá ju wọn lọ nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ kì í fi í gbọ́ ọ. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀ pé Àbẹ̀ní ni ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan ló wá kí wa láti oko. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn, ó pè é. Ìyá mi tí a máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dáhùn sáré jáde láti àgbàlá, wọ́n kúnlẹ̀ sínú omi aró tó dà sílẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá mi, ẹ mà dé o,” bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wá irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ bó bá ṣì kù. Ẹ mú búrẹ́dì àti mílíìkì dání, kí ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kó tó di pé oorun ọ̀sán gbé e. Ẹ sọ fún un pé fóònù yín máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ti tàn án kí ẹ tó kúnlẹ̀, torí kò ní í kì í bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.